Ìyá Tí Kọ̀ǹpútà Mọ̀

Gàníyù lorúkọ rẹ̀ nílé. Ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tó wà ní Ìkẹjà, Bọ́dúndé ni. Bọ́dúndé gan-an, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti gba Líbíà lọ, ó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún un, bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀wù ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Ọdún mẹ́fà ni Gàníyù fi wọ orúkọ náà, kò há a lápá.

Nígbà tí àwọn alágbádá gbàjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà, ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí kálukú wá dárúkọ òbí àti àdírẹ́sì ilé wọn. Gàníyù, olóòótọ́ èèyàn, ka ti Bọ́dúndé sílẹ̀ láìyọ ẹyọ kan.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, wọ́n ránṣẹ́ láti Agége pé ìyá rẹ̀ ti kú. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọn yóò sin ín. Ó sáré tọ Stella, akọ̀wé tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, lọ.

"Sister Stella, màmá mi ti kú."

"Ah! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Brother Bọ́dúndé." Stella tẹ orúkọ náà sí kọ̀ǹpútà wò. "Ṣé Màmá Felicia nìyẹn, ti Onígbòǹgbò?"

Tó bá ní rárá, iṣẹ́ bọ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa obìnrin tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tó bí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì ti bu oúnjẹ fún òun náà jẹ títí.

"Àwọn náà ni."

Ó rò pé ó ti bọ́. Àṣé Síkírù, alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti gbọ́. Níbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ dá lọ sílé. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń sìn ín.

"Alága, ẹ má ṣèyọnu. Mo lè dá lọ."

"Dá lọ kẹ̀? Ṣé o ò lẹ́nìkan ni? Jókòó síwájú."

"Ẹ jẹ́ ká gba Agége, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀fọ̀ ti dà ẹ́ lórí rú. Àdírẹ́sì yín rèé, Stella ti tẹ̀ ẹ́ jáde." Ó na bébà náà sí dírẹ́bà.

Bọ́ọ̀sì kẹ̀yìn sí Agége. Èèyàn méjìdínlógún ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì fún un lẹ́yìn.

Màmá Felicia ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Ó rí Gàníyù tó ń sunkún, ó rí ogunlọ́gọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Bọ́dúndé mi! Kí ló pa á ní Líbíà?"

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, Bọ́dúndé ò kú. Ìyá tèmi ni. Òní ni wọ́n ń sin ín, l'Ágége."

Síkírù wo bébà, ó wo Màmá, ó tún wo bébà.

"Gàníyù," Màmá ní, "kí lo wá ń ṣe níbí?"

Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì.