Ère Táyé Nínú Garawa Kẹrosíìnì

Ẹ má pè é ní àlọ́. Ojú mi yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan, n ò sì mu ẹmu.

Nígbà tí Òyìnbó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú wọn, èmi ni mò ń wakọ̀ fún ọ̀gá kan tí ìjọba ní kó máa tọ́jú iṣẹ́ ọnà àtijọ́ kó má baà bàjẹ́. Ọmọ Yorùbá ni o, àmọ́ ìwé ti ń pa á bí ọtí.

Ní Ìnísà, obìnrin kan gbé ère ìbejì rẹ̀ fún wa. Táyé rẹ̀ ti kú ní kékeré. Kẹ́hìndé ṣì wà, ó dì mọ́ ìró ìyá rẹ̀. Kòkòrò ti ń jẹ ère náà lẹ́sẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba obìnrin yìí pé bó bá jẹ ẹ́ tán, Kẹ́hìndé á tẹ̀ lé èkejì rẹ̀ lọ. Ó ní ká bá òun tún un ṣe, ká dá a padà, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń fi omi tútù àti osùn wẹ̀ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi nǹkan mìíràn wẹ̀ ẹ́ fún mi."

Ọ̀gá ní òun ti gbọ́.

Gbígbọ́ wo? A dé ilé àlejò ìjọba l'Ókukù, ó da kẹrosíìnì sí garawa, ó ri ọmọ ọlọ́mọ bọ inú ẹ̀ torí-tẹsẹ̀ kí kòkòrò lè kú. Mo rán an létí ọ̀rọ̀ ìyá náà. Ó ní kí n lọ fọ mọ́tò.

Ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ nínú oòrùn ni ọmọ kékeré kan ti fà mí ní ṣòkòtò. Ìhòòhò ló wà. Ara rẹ̀ tutù rinrin, ó ń rùn kẹrosíìnì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú.

"Ojú ń ta mí," ló wí jẹ́jẹ́. "Ojú ń ta mí."

Mo sáré wọlé, mo yọ ère náà kúrò nínú garawa. Nígbà tí mo padà síta, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀.

Nígbà tá a dá ère padà sí Ìnísà, a bá Kẹ́hìndé lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ ń da omi sí i lójú. Ẹyinjú ọmọ náà ti funfun bí ẹfun. Wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ tá a kúrò lọ́dọ̀ wọn ló ké pé ojú ń ta òun, kò sì ríran mọ́.

Ọ̀gá gbé ère náà kalẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Obìnrin náà gbóòórùn rẹ̀. Kò sunkún.

"Ẹ máa gbé e lọ," ló sọ. "Ẹni tó bá wẹ ọmọ ló ni ọmọ. Èyí tẹ́ ẹ fọ́ lójú yìí ló ṣẹ́kù fún mi."

Ère náà ṣì wà nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, ojú Kẹ́hìndé ò sì là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àtimáa wo nǹkan àtijọ́, bẹ́ ẹ bá kan ère ìbejì tó ń rùn kẹrosíìnì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ wò ó lójú. Ẹ bá tiyín lọ. Ó ń wá ìyá.