Ìdérí Ìkòkò Ló Dá Júpítà Dúró

Gbogbo Tudun Wada ní Kaduna ló mọ bí Gàfárù télọ̀ ṣe fi ìdọ̀bálẹ̀ ba fọ́tò Júpítà jẹ́. Kódà, àwọn tí wọn ò tíì bí lọ́dún náà máa ń sọ ọ́ bíi pé wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi iyọ̀ tiwọn kún un. Ìparí ọdún 1975 ni. Ọyẹ́ gbé eruku rẹ̀ kúrò lójú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, Gàfárù kírun mọ̀ǹgáríbà tán, ó sì wá dúró sí ẹ̀yìnkùlé Silas Ọlátúnbọ̀sún, ó fi fìlà rẹ̀ bo ẹnu páìpù gígùn kan tó kọjú sókè.

Kámẹ́rà wà ní ìdí páìpù náà. Ojú rẹ̀ ti là sílẹ̀, fìlà Gàfárù nìkan ló dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Bó bá ti ṣí fìlà, tó sì dá a padà kíá, fọ́tò ti wọlé nìyẹn.

"Tí mo bá ní 'ó yá', ṣí i. Tí mo bá ní 'ó tó', dé e padà," Silas wí. Kò lè dúró lójú kan, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bíi pé ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀.

"Sílà, mo ti gbọ́. Láti àná lo ti ń sọ ọ́."

"Má mí."

"Kí n má mí kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí Alimat di opó nítorí ìràwọ̀ ni?"

Silas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fojú wá Júpítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó yí kẹ̀kẹ́ ìdí páìpù díẹ̀, ó kígbe: "Ó yá!" Fìlà kúrò lẹ́nu páìpù. Àsìkò yẹn gan-an ni Bàbá Adégbọlá, olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ládùúgbò, arúgbó tí kì í kánjú sí ohunkóhun láyé, gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Kí lọmọ Yorùbá fẹ́ ṣe? Gàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti fìlà lọ́wọ́. Silas náà nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu páìpù là sílẹ̀ gbayawu, ìmọ́lẹ̀ ń rọ́ wọ inú fíìmù.

"Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, sà."

"Silas, Fọlábí ọmọ rẹ ńkọ́? Ṣé ó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀?"

"Ó gbájú mọ́ ọn, sà. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, Júpítà ń lọ."

"Ta ni Júpítà?" Bàbá yíjú wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ní kó má tíì lọ. Kó dúró jẹun."

Ilé ìdáná ni Matilda, ìyàwó Silas, ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ó mọ ohun tó wà nínú fọ́tò yẹn fún un. Ó já ìdérí kúrò lórí ìkòkò ẹ̀bẹ tó ń hó lọ́wọ́, ó sáré bọ́ síta, ó sì fi í dé ẹnu páìpù, pàà! Lẹ́yìn náà ló tẹ orúnkún díẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà." Òun nìkan ló kí àgbà lọ́jọ́ náà tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Eruku ọyẹ́ padà bo ojú ọ̀run kí Bàbá tó béèrè gbogbo ará ilé tán. Fọ́tò kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n rí yà. Silas jókòó sórí ilẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé èèyàn ló kú.

Ará Kàbà ni Silas, ayafọ́tò ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí ọjà Kasuwan Barci. "Má mira!" ni gbólóhùn tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù, òun gan-an ò sì lè jókòó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ̀n. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá bá a pín bẹ́ǹṣì á rò pé ọkọ̀ ojú irin ló ń kọjá. Ìgbà kan wà tí àlùfáà dá ìwàásù dúró tó ní, "Arákùnrin Silas, ẹ̀mí mímọ́ ni àbí ẹsẹ̀ yín?"

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pẹ́ńsù rẹ̀. Ó ní pẹ́ńsù tín-ín-rín kan tó fi máa ń tún ojú oníbàárà ṣe lórí fíìmù kó tó tẹ fọ́tò jáde. Apárí a hu irun, ẹni tó dijú nígbà tí iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì a lajú, iwájú orí tó hunjọ a sì na dọ́gba. Ó tún ojú Moses akọ̀wé ìjọba ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ọ́fíìsì fi wo fọ́tò, ó wo Moses, ó ní, "Padà lọ sílé. Ẹni tó ni fọ́tò yìí gan-an ni kó wá."

Ìgbà kan lọ́dún 1975 náà, kí ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí òjò dá díẹ̀, ni Silas ra dígí nínípọn kan nínú ọjà. Ẹni tó tà á fún un ní ara ọkọ̀ ogun ni wọ́n ti yọ ọ́. Silas fi í sí ẹnu páìpù tí wọ́n fi ń gbe omi òjò, ó wá awò kékeré sí ìdí rẹ̀, ó sì kọjú rẹ̀ sí àgùàlà ní kété tí oòrùn wọ̀. Ariwo tó pa lé ẹyẹ kúrò lórí igi.

"Matilda! Matilda o! Wọ́n ti gé àgùàlà!"

Matilda fa ọmọ odó yọ síta. "Ta ló gé e? Ibo ló gbà?"

"Wá wò ó! Ó rí bí oṣù tuntun!"

Matilda wò ó. Lóòótọ́, ìràwọ̀ tó mọ̀ sí àmì róbótó láti kékeré rí bẹ́ẹ̀ gan-an, tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀, ó ń gbọ̀n lójú páìpù. Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò bínú mọ́ pé Silas yọ páìpù omi òjò ilé.

Ohun tí páìpù á dúró lé ló kù. Silas gba ọ̀dọ̀ Gàfárù lọ, ó rí ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ kan nígun ṣọ́ọ̀bù, tòun ti kẹ̀kẹ́ àti pátákó àtẹ̀wà rẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

"Télọ̀, yá mi ní nǹkan yìí títí di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀."

"Jímọ̀ọ̀ wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ náà ni."

Jímọ̀ọ̀ dé, ó lọ, òmíràn dé. Gbogbo ìgbà tí Gàfárù bá wá béèrè ẹrù rẹ̀, Silas á nawọ́ sókè: "Júpítà ló ń lò ó. Sọ fún un pé kó bọ́ sílẹ̀."

Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká wo Júpítà, ọ̀tọ̀ ni ká yà á ní fọ́tò. Fọ́tò àkọ́kọ́ dà bí ẹ̀kọ tó dànù. Èyí tó tẹ̀ lé e dà bí ekòló. Silas ní ọkọ̀ ojú irin ló ń mi ilẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìlọta ni. Ó lọ bẹ gbogbo ará agbolé pé kí wọ́n má gúnyán nírọ̀lẹ́ mọ́, ọkùnrin kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Matilda ń wo ìdí páìpù.

"Bàbá Fọlábí."

"Má bá mi sọ̀rọ̀, mò ń wá ohun tó ń mì í."

"Ẹsẹ̀ yín ni. Ẹ̀ ń tẹ maṣíìnì."

Silas wolẹ̀. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pátákó àtẹ̀wà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkan-kíkan bí ẹni tó ń ránṣọ ọdún.

Matilda gbé e jókòó sórí odó, ó ní kó fọwọ́ méjèèjì di orúnkún ara rẹ̀ mú. Òun fúnra rẹ̀ ló di fìlà ọkọ rẹ̀ mú sẹ́nu páìpù. Ọkọ ní ó yá, ó ṣí i; ọkọ ní ó tó, ó dé e. Nígbà tí Silas fọ fíìmù náà, bọ́ọ̀lù kékeré kan ló jáde, àmì tíntìntín mẹ́ta sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àwọn òṣùpá Júpítà! Kò dúró kí fọ́tò gbẹ. Ó sáré gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gàfárù, omi ń kán sílẹ̀, Matilda ń sáré tẹ̀ lé e.

Gàfárù wò ó dáadáa. "Ó dára. Pẹ́ńsù wo lo lò?"

"Mi ò lo pẹ́ńsù!"

"Haba, Sílà! Ìwọ tó o fún Alimat mi ní ọrùn gígùn tí Ọlọ́run ò fún un, ṣé àmì mẹ́ta ló máa wá le fún ọ?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Matilda wolẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Kò gbọ̀n. Láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ, kò rí i kí ẹsẹ̀ náà dúró bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà á.

Lọ́jọ́ kejì Silas ṣẹ́ gbogbo pẹ́ńsù rẹ̀. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé irọ́ tó ń pa fáwọn èèyàn ni kò jẹ́ kí wọ́n gba òótọ́ rẹ̀ gbọ́, kálukú á máa gba ojú tó gbé wá. Alimat ló kọ́kọ́ kó sí i. Ó wá gba fọ́tò ọdún iléyá, ó yí i sókè, ó yí i sódò.

"Bàbá Fọlábí, ta lẹ yà yìí?"

"Ìwọ ni."

"Wallahi, èmi kọ́. Ìyá ọkọ mi lẹ yà."

Kò pẹ́ tí oníbàárà fi tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ Japhet ayafọ́tò ní Kawo ni gbogbo wọn gbà lọ, Japhet sì ra pẹ́ńsù tuntun. Owó oṣù Matilda, tó ń ṣe tíṣà, nìkan ni wọ́n fi ń jẹun. Ebi kọ́ ló dùn ún jù. Ẹsẹ̀ Silas tí kò gbọ̀n mọ́ yẹn ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gba ọ̀dọ̀ Gàfárù lọ.

"Ọ̀gá télọ̀, ẹ wá ya Júpítà fúnra yín. Fíìmù tiyín, fìlà tiyín. Kẹ́ ẹ gbé e lọ fún Japhet kó fọ̀ ọ́. Ọkọ mi ò ní fọwọ́ kàn án."

"Tó bá wá jáde ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà. Kò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Gàfárù họ orí. "Tó bá jáde, màá tún fi ẹsẹ̀ maṣíìnì ta á lọ́rẹ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti fìlà, ti ìdọ̀bálẹ̀ àti ti ìdérí ìkòkò nìyẹn.

Nígbà tí Gàfárù ti Kawo dé, ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ó ju fọ́tò sórí tábìlì. Ìlà funfun gbọọrọ kan ló dábùú ilẹ̀ dúdú: Júpítà ò dúró ní gbogbo ìgbà tí ẹnu páìpù fi là sílẹ̀.

"Sílà, Júpítà rẹ rèé. Bàbá Adégbọlá kí i títí ó fi di okùn."

Silas gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò jáde. Matilda mú fọ́tò lọ sójú fèrèsé. "Kí ni àwọn tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí?"

Gàfárù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú bó ṣe máa ń wo ojú rírán aṣọ. Ìlà mẹ́ta míì wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, wọ́n ń bá ìlà ńlá náà rìn, wọn ò sún mọ́ ọn, wọn ò sì jìnnà sí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fi èékánná tọ ìlà kìíní, ó tọ ìkejì.

"Ibì kan náà ni gbogbo wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Ibì kan náà ni wọ́n sì parí sí."

"Ibi tí mo ti fi ìdérí ìkòkò mi dé páìpù nìyẹn," Matilda dáhùn.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ. Kò sí ọwọ́ èèyàn tó lè fa mẹ́rin lọ báyìí kí ìkankan má yà bàrá." Ó gbé fọ́tò sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Sílà, mo gbà. Òṣùpá ni wọ́n."

Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ Silas bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò sí orin tó dùn létí Matilda tó o.

Silas gbé fọ́tò náà kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé: ÌKÍNI BÀBÁ ADÉGBỌLÁ. Bàbá máa ń mú àlejò wá wò ó, ó sì máa ń ráhùn pé ìyàwó Silas ló gé òun kúrú, òun ì bá béèrè oko. Silas tún ra pẹ́ńsù, oníbàárà padà, Alimat gba ọrùn rẹ̀ padà. Ìràwọ̀ nìkan ni Silas búra pé òun ò ní tún ojú rẹ̀ ṣe láé, kò sì tún un ṣe títí àìsàn ráńpẹ́ kan fi gbé e lọ lọ́dún 1986.

Nígbà tí wọ́n wá fọ́tò rẹ̀ tí wọ́n máa gbé sórí tábìlì ní pálọ̀, wọn ò rí. Ojú gbogbo Kaduna wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àfi tirẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó ya ara rẹ̀ ni wọ́n rí: ó ti tẹ kámẹ́rà, ó ti sáré lọ jókòó, àmọ́ kò lè dúró dè é. Orí rẹ̀ dà bí èéfín, ẹ̀rín rẹ̀ sì wà níbi méjì.

Japhet wá láti Kawo. "Màmá Fọlábí, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Màá tún un ṣe."

"Fi pẹ́ńsù rẹ sápò," Gàfárù wí.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Matilda wí. "Bó ṣe rí nìyẹn."

Nírọ̀lẹ́ wọ́n di Bàbá Adégbọlá lápá wọlé. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó dúró níwájú fọ́tò náà.

"Silas, o kú ìrọ̀lẹ́ o. Ilé ńkọ́?"

Matilda kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, sà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

Gàfárù ti dọ̀bálẹ̀, fìlà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ń lọ dáadáa, sà."

Ó béèrè Fọlábí, ó béèrè ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè Kàbà, ó sì béèrè oko tó ti ń rò láti ìjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. "Júpítà ńkọ́?"

"Ó ti lọ, sà," Matilda wí.

Bàbá mi orí. "Ẹ ò sọ fún un pé kó dúró jẹun."

Ẹ̀rín bú jáde, àga ń gbọ̀n, àwọn obìnrin ń fi gèlè nu ojú. Nínú ẹ̀rín náà ni Matilda ti wo ẹ̀gbẹ́, ó rí Gàfárù tó ṣì wà nílẹ̀, tó fi fìlà bo ojú rẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó yá.