Ìwé Ìbí Tí A Sun Kí Olúwa Tó Dé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Jésù yóò ṣe padà wá, ẹ má bi mí. Ẹ lọ bi ìyá mi. Òun ló sọ pé òun rí i. Mo sì ń pe ìyá mi ní "ó" níbí, kí àwọn àgbà tó bá ń kà á má bínú sí mi. Ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà lọ́kàn mi, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yìn pápákọ̀ òfurufú ní Cadjèhoun, ní Cotonou, là ń gbé, èmi àti òun nìkan, nítorí bàbá mi ti kú ní Pobè kí n tó gbọ́njú. Abọ́ rọ́bà ló ń tà ní ọjà Dantokpa. Ó ń lọ kó wọn ní Nàìjíríà, ó ń gba ẹnubodè Kraké wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Èmi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kíláàsì tó kẹ́yìn ni mo wà, ọdún ìdánwò BAC tí a fi ń wọ yunifásítì, mo sì mọ̀wé. Kì í ṣe pé mò ń yin ara mi. Olùkọ́ wa ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì, tí ojú á sì máa tì mí. Olùkọ́ ni èmi náà fẹ́ ṣe.

Ọdún náà gan-an ni pásítọ̀ wa gbé ọ̀rọ̀ dé pé Olúwa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìjọ kékeré ni wá, a ò ju ogójì lọ, Nàgó, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ wa, ló pọ̀ jù nínú wa. Orí iyanrìn la kọ́ ilé ìsìn wa sí, pákó àti páànù. Pásítọ̀ náà mọ Bíbélì bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ní àwọn kan ń sọ pé Jésù yóò wá ní kọ̀rọ̀ bí olè, tí yóò mú àwọn tirẹ̀ lọ kí ayé tó mọ̀. Àwọn kan sì ní Ó ti dé sínú ọkàn àwọn tó gbà á. Pásítọ̀ ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. "Bí Ó ṣe gòkè lọ lójú wọn ni yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀. Pẹ̀lú ara, pẹ̀lú ẹsẹ̀, nínú àwọsánmà. Gbogbo ojú ni yóò rí i." Arákùnrin kan béèrè pé ṣebí Bíbélì ní ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tàbí wákàtí náà. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ àti wákàtí ni wọ́n ní a ò mọ̀, wọn ò ní a ò mọ àsìkò. Kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni, ó ní.

Mo gbà á gbọ́. Háà, mo gbà á gbọ́! Ẹni tó bá ń gbé lẹ́yìn pápákọ̀ òfurufú kì í gbójú sókè mọ́ bí bàálù bá ń kọjá, ṣùgbọ́n èmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè. Ariwo yòówù kó ti òkè wá, mo ti sáré síta. Àwọn aládùúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ ìyá onírọ́bà, ṣé Paris lò ń lọ ni?"  Mo ní ẹ rẹ́rìn-ín yín tán, ọjọ́ ẹkún yín ń bọ̀.

Nígbà tó yá, pásítọ̀ ní kí olúkúlùkù kó ìwé ayé rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi: ìwé ìbí, káàdì ìdánimọ̀, gbogbo ìwé tí ìjọba fi ń mọ èèyàn. Ó ní orúkọ kan ò lè wà nínú ìwé méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ òun nínú Ìwé Ìyè, kó yọ ọ́ kúrò nínú ti ayé. Olúkúlùkù fi tirẹ̀ sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó kọ orúkọ sí i lára. Ìyá mi ló fi ìwé ìbí mi sínú àpòòwé tèmi, lójú mi, lórí tábìlì wa. Ó ti lẹ tirẹ̀ pa kí n tó pọnmi dé. A kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n, wọ́n da agbọ̀n sínú àgbá kan lẹ́yìn ilé ìsìn, wọ́n ṣáná sí i. A kọrin, a jó, a pàtẹ́wọ́. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú títí iná náà fi kú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí àwa tí a fẹ́ ṣe BAC mú ìwé ìbí wá láti forúkọ sílẹ̀. Olùkọ́ wa bi mí pé tèmi dà. Mo ní a ti sun ún. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ìyá mi. Ó bẹ̀ ẹ́, àgbàlagbà ọkùnrin, bí ẹni pé òun ló bí mi: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lọ sí ìlú yín, wọ́n á kọ òmíràn fún yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀." Èmi ni mo fèsì. Mo ní mi ò fẹ́, pé kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, Olúwa á ti dé. Ẹnu mi mú bí abẹ. Ìyá mi kàn tẹrí ba, ó ní, "Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí ọmọ sọ, ọ̀gá. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni." Mo rò pé ó ń fi mí yangàn ni. Inú mi dùn débi pé mo gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀ lé e títí ó fi gun ọ̀kadà sẹ́míjàn.

Òjò dé. Ó rọ̀ ní Cotonou bó ṣe máa ń rọ̀, omi kún àdúgbò dé orúnkún, Jésù ò yọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a kóra jọ nínú aṣọ tútù, mo ń retí kí pásítọ̀ bẹ̀ wá. Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ó bọ́ síwájú, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "Ó ti dé!" Ó ní dídé ti ẹ̀mí ni, ojú inú ni wọ́n fi ń rí i. "Ẹni tó bá rí i nínú yín, kó nawọ́ sókè." Ẹ ṣáà gbà mí o: ọkùnrin tó ní gbogbo ojú ni yóò rí i, òun náà ló tún ń sọ̀rọ̀ ojú inú! Ọwọ́ kan lọ sókè, ìkejì lọ, ìkẹta lọ. Mo yíjú sí ìyá mi. Ọwọ́ tirẹ̀ náà wà lókè, ó nà án gbọọrọ.

Ká ní tirẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi! Mo gbà pé Jésù wá lóòótọ́, pé Ó rí ìyá mi, Ó sì fò mí dá. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo gbààwẹ̀, mo ṣírò gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi, tó fi mọ́ ṣúgà tí mo jí lá ní kékeré. Ìyá mi á gbé oúnjẹ síwájú mi, á ní, "Jẹun, ọmọ mi. Ó ṣì máa fi ara hàn ọ́." Ó ń wo omijé mi, ó sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìyá mi ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti jókòó sílé, kí n bá òun lọ kó ọjà. A dé Kraké, ọlọ́pàá kan ní ká mú káàdì wá.  Mo ti ń ro ẹ̀bẹ̀ tí a máa bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, ó tú àpò kékeré kan, ó fa káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ yọ. Kì í ṣe tuntun. Igun rẹ̀ ti ṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò, ó fẹnu tọ́ka sí mi. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi ni, ọmọdé ni," wọ́n sì ní ká kọjá.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu! Mo dúró gbagidi láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ní, "Màmá, kí ló wà nínú àpòòwé yín?"

Ó ní kí n máa rìn, pé oòrùn ti ń mú.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìwé ètò ìsìn ìkórè." Kò wo ojú mi. "Bí mo bá sun káàdì, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọjá níbí? Kí la fẹ́ máa jẹ?"

"Ọwọ́ tí ẹ nà sókè ńkọ́? Kí lẹ rí?"

"Kí ni mo fẹ́ rí? Ṣebí gbogbo wọn ló nawọ́."

Mo kígbe. Àwọn awakọ̀ yíjú wò wá, mi ò bìkítà. Mo ní, "Ẹ rí mi tí mò ń sunkún, ẹ ò lè sọ pé ẹ̀yin náà ò rí i!" Ó ń so ẹnu àpò kékeré náà. Mo ní, "Ó dáa, ẹ pa tiyín mọ́ nítorí oúnjẹ. Tèmi ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín kó o sínú àpòòwé. Kí ló dé tí ẹ ò fi ìwé ìkórè sínú tèmi náà?"

Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Kò bínú rárá. Ó ní, "Ọmọ tó bá gba BAC, ṣé á tún padà wá bá mi jókòó ní ìsọ̀?" Ó fi etí ìró nu òógùn iwájú orí mi. "Bí Olúwa bá dé, a ó jọ lọ. Bí kò bá dé, a ó jọ wà."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá a jókòó ní ìsọ̀ náà.