Ètò Tó Dáhùn Kó Tó Jíṣẹ́

Túnráyọ̀, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sabon Gari, ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kékeré kan ní Samaru. Bí yàrá àyẹ̀wò bá ti fi èsì ránṣẹ́, èsì náà á tò sórí ìlà inú kọ̀ǹpútà, níbi tí àwọn èsì ti ń dúró kí wọ́n tó kàn. Ètò kọ̀ǹpútà kan á wá mú un níbẹ̀, á gbé e lọ sójú kọ̀ǹpútà dókítà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná ṣẹ́jú. Kò pẹ́ ni Dókítà Akíndélé pè é.

"Túnráyọ̀, èsì ọmọ yìí dà? Ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, n ò sì mọ irú èyí tí mo lè fà sí i."

Túnráyọ̀ wo orí ìlà, ó ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ètò náà máa dáhùn pé "mo ti jíṣẹ́" ní kété tó bá ti gba èsì, kí ìlà lè pa á rẹ́. Ètò náà ti dáhùn tán kí iná tó lọ, àmọ́ kò tíì gbé èsì dé ọ̀dọ̀ dókítà, èsì sì ṣègbé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó sáré tọ Sàlíhù, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, lọ.

"Haba, àǹtí! Ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń wá gba èsì báyìí, kọ̀ǹpútà yín ńkọ́?"

"Sàlíhù, jọ̀ọ́, kọ èsì ọmọ tó nílò ẹ̀jẹ̀ yẹn sí ìwé fún mi!"

Ó gbé ìwé náà fún dókítà, ó sì dúró títí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí kán sí ọmọ náà lára. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ Sàlíhù.

"Jọ̀ọ́, máa pe orúkọ gbogbo aláìsàn òní fún mi, kí n wò ó bóyá èsì wọn dé ojú kọ̀ǹpútà dókítà."

Èsì ẹni mẹ́rin ti dé. Ti ẹnì karùn-ún, aláìsàn mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè èsì rẹ̀, kò sí níbẹ̀.