Ibi tí Mọ́tò Kò Lè Dé

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́, ẹ kàn sọ fún un pé kí ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ bá a wa ọkọ̀ díẹ̀. Ìjà dé nìyẹn. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú o. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì lè fi ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn máa tìtorí rẹ̀ bọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, sítíárìn kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń yá ẹlòmíràn. Nígbà kan tí ibà dá a dùbúlẹ̀, àna rẹ̀ ọkùnrin fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láti ilé títí dé ọ̀hún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, àna rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè ìjókòó lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Àwọn èrò ọkọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ tó ń ti ìlú dé ìlú ló ń wà fún iléeṣẹ́ kan, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú bí kóró iṣin títí tó fi funfun. Bí ó bá tẹ bíréèkì, ẹni tó gbé ife tíì lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró. Abiyamọ á wọlé, ọmọ á sùn lọ fọnfọn, ó di ìgbà tí wọ́n bá débi tí wọ́n ń lọ. Bí àwọn awakọ̀ tí kò ní sùúrù bá ń sáré kọjá lára rẹ̀, tí wọ́n ń fun fèrè bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ní gbogbo ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ náà, èrò kan ṣoṣo kò fara pa lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yan fanda bí ó bá ń gba inú gáréèjì kọjá. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ yọ, ẹ jẹ́ kó yan.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ nínú yàrá iwájú ilé wọn, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí títì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ̀kan, ó tó láti fi ọjọ́ méjì rò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iléeṣẹ́ sọ fún Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ pé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, ó sì fìdí lé àpótí tó wà níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "ibo lo fẹ́ kí n gbé ọ lọ? Ibi yòówù kó jẹ́, ṣáà sọ ọ́. Kò sí títì tí n ò mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fi eyín já òwú. "Erékùṣù ni mo fẹ́ lọ."

"Erékùṣù wo?"

"Èyí tó bá ṣáà ti jìnnà. Tí omi yí i ká, tí títì kankan ò dé ibẹ̀."

"Bí títì ò bá dé ibẹ̀, báwo ni n ó ṣe gbé ọ débẹ̀?"

"Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ ti gbé mi lọ síbi púpọ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹ̀yìn orí yín ni mo ń wò. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa pàápàá, ẹ̀yin lẹ wakọ̀, èmi àti àbúrò mi jókòó sẹ́yìn bí èrò tó sanwó. Bí mo bá rí ohun tó dára lójú ọ̀nà, tí mo ní kí n fi hàn yín, ẹ ó ní kí n má bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ká jọ jókòó, kí ẹlòmíràn máa gbé wa lọ. N ò tíì bá ọkọ mi rìnrìn àjò rí."

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. Kò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà nínú obìnrin yìí láti ọdún gbọọrọ wá. Ó dìde, ó ní, "Ó parí. Erékùṣù la ń lọ."

Àkọ́bí wọn obìnrin gbọ́, ó pè lórí fóònù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn ṣètò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù náà sílẹ̀. "Ọmọ tí mo ń gbé lọ síléèwé ni yóò wá ṣètò ìrìn àjò fún mi? Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀?" Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti lọ̀ dáadáa, ó dé fìlà iléeṣẹ́, ó di ọ́fíìsì àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù.

Omidan tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fi àwòrán ilé ìgbafẹ́ hàn án: àwọn ilé kéékèèké tó fi òpó dúró sínú òkun, iyanrìn funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, omi tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ ò wo ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gbé ìyàwó rẹ̀ débẹ̀ ló ká a lára.

"Ọmọ mi, bààlúù yìí, ibo ló ti máa ń dúró?"

"Kì í dúró, sà. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ló máa fi fò."

"Láìdúró! Ṣé ẹsẹ̀ kì í dun dẹ́rẹ́bà ọ̀hún ni?"

"Wọ́n ju ẹnì kan lọ, sà. Wọ́n máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n tiẹ̀ ní ibùsùn nínú ọkọ̀."

"Ibùsùn!" Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ bọ́ fìlà. "Dẹ́rẹ́bà tó gbé ibùsùn dání ti ní oorun lọ́kàn kó tó gbéra. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Wá èyí tó ń dúró fún mi, kí wọ́n lè na ẹsẹ̀."

Omidan náà wá a títí ó fi rí èyí tó ń bà sí ìlú kan, tó ń bà sí òmíràn, kí bààlúù náà tó rántí pé erékùṣù lòun ń lọ. Ó wá ṣí àwòrán ìjókòó inú ọkọ̀. Bí Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ ṣe rí i, ojú rẹ̀ là. Ohun tó mọ̀ dé wàyí. Ó tẹ ìka mọ́ ìjókòó tó ṣíwájú pátápátá, níbi tí òun á ti lè gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ ìka mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò fẹ́ jókòó pọ̀ ni, sà?"

"O ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó," ó dá a lóhùn, inú rẹ̀ ń dùn. Àwọn awakọ̀ gbà pé ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà ló láàbò jù nínú ọkọ̀, torí bí ewu bá dé, ibi tí dẹ́rẹ́bà wà ló máa kọ́kọ́ yà á kúrò. Níbẹ̀ ló ti ń fi ìyàwó rẹ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gba ìwé, ó ń lọ sílé, ó ń ròyìn ìrìn àjò fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ń rán aṣọ etí òkun, èyí tó ní òdòdó pupa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rán irú rẹ̀ fún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó ń rán an fún ara rẹ̀. Obìnrin náà gba ìwé, ó kà á síwájú, ó kà á sẹ́yìn.

"Ibo lèmi jókòó sí níbí?"

"Ẹ̀yìn mi gan-an! Ibi tó dára jù."

Kò pariwo. Ó ká aṣọ olódòdó náà, ó tì í sábẹ́ aṣọ àwọn oníbàárà. "Ẹ máa lọ, Bàbá àwọn ọmọ," ó ní. "Mo ti wo ẹ̀yìn orí yín tó. N ò ní wò ó lójú ọ̀run."

Ìgbà yẹn ni ojú ọkùnrin náà wálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí béèrè, òun sì ti gba ọ́fíìsì lọ, òun ti gbàgbé rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ojú tì í gidigidi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí omidan náà tó dé. "Fi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa," ó ní, "kí o sì padà sí èyí tí kì í dúró."

"Àwọn dẹ́rẹ́bà oníbùsùn ńkọ́, sà?"

"Jẹ́ kí wọ́n sùn."

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò fọwọ́ kan ìwé tuntun náà. "Ìwé lẹ pààrọ̀," ó ní, "ẹ ò tíì pààrọ̀ ara yín. Bí a bá dénú òfuurufú tí ẹ dìde lọ bá dẹ́rẹ́bà ńkọ́?" Ẹ̀rù ìyẹn ló bà á jù, kò sì fi pamọ́.

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ rò ó títí. Ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì sínú bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ tirẹ̀, lórí títì tirẹ̀ gan-an, ní ọjọ́ tí kò lọ síṣẹ́. Ó ní kí ìyàwó òun bá òun lọ dán an wò. Obìnrin náà wò ó tìfura-tìfura, ó mú báàgì.

Inú gáréèjì dàrú. "Ẹ gbà mí! Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ ti di èrò!" Awakọ̀ tí yóò gbé wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni. Bí ó ṣe rí ọ̀gá rẹ̀ lórí ìlà èrò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ọ̀gá mi, ẹ gbà á. Mi ò tó ẹni tó ń gbé yín."

Gbogbo gáréèjì yí wọn ká. Ẹ̀yẹ ńlá ni, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé yóò gbà á. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ti yọ ọwọ́ kúrò lápá rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ.

"Dìde," ó ní. "Èrò ni mí lónìí. Ìyàwó mi ló ń mú mi jáde."

Ariwo ta. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ orí rẹ̀ wú. Ó gbé ọrùn sókè, ó ṣíwájú ọkọ rẹ̀ gun bọ́ọ̀sì, wọ́n sì jókòó pọ̀ láàárín ọkọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́, kò rọrùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ní gbogbo kọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ya ẹnu láti pariwo pé kí awakọ̀ yí gíà, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á dé. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan ojú fèrèsé. "Ẹ wò ó."

Lẹ́yìn àwọn igi, omi kan tẹ́ lọ gbẹrẹgẹdẹ, àwọn ẹyẹ funfun ń bà lé e.

"Ọ̀sà wà níbí?" ni Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wí. "Lórí títì mi?"

"Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀."

Ó wò ó títí ọkọ̀ fi kọjá, ó sì yíjú padà sí obìnrin tó ti ń dá nìkan wò ó láti gbogbo ọdún yìí wá. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ku ọwọ́ kan kí n parí aṣọ olódòdó yẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "N ó parí rẹ̀ lọ́la."

Nígbà tí ọkọ̀ dúró kí èrò lè sinmi, awakọ̀ rìn wá láàárín ìjókòó, ó fẹ́ gbọ́ àṣìṣe tí ọ̀gá rẹ̀ rí. Ó bá ọ̀gá náà tó gbé orí lé èjìká ìyàwó rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ó ń hanrun.

"Ó sùn?" ni awakọ̀ náà wí, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. "Màmá, nínú ọkọ̀ tí èmi ń wà?"

"Ó sùn," ni obìnrin náà dáhùn, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bo ọkọ rẹ̀ láyà. "Rọra máa wà á lọ, ọmọ mi. Ọkọ mi ni mo gbé dání."