Láti Ìdímù sí Ìdímù

Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí wọ́n tò sínú ìwé pélébé tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ tí a wọ yunifásítì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi bírò fa igi sí lábẹ́: Ìtàn Àtẹnudẹ́nu, ti ọdún kẹta. Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ nípa ibòmíràn: ìtàn Yúróòpù, ìtàn ogun àgbáyé, fìlọ́sọ́fì, àti kọ́ọ̀sì kan lórí bí a ṣe ń ronú, tí olùkọ́ rẹ̀ kò wá ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Èyí nìkan ló ní kí a padà sí àdúgbò wa, kí a jókòó ti àgbà kan, kí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìgándò ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyá mi. Télọ̀ ni. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í yé bi í léèrè ohun tí mò ń kà.

“Hísítírì ni.”

“Áà. Ó dáa náà. Ṣé kò rí Lọ́ọ̀ kà ni?”

Ìyá mi á fi eyín mú abẹ́rẹ́, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ gbé iṣẹ́ kan délé lọ́jọ́ kan kí n sọ pé ìtàn ibi tí à ń gbé nìyí, èmi ni mo kọ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn, kọ́ọ̀sì àìgbọdọ̀máṣe ni. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀ kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ọmọ onílẹ̀ Ìgándò gan-an, tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa tí àwọn òbí wa wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo dé ọdún kẹta, ọjọ́ Sátidé mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í, tí fóònù mi ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ nípa ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tọ̀ láti Ìgándò dé Ìdímù nígbà tó wà lọ́mọdé, odò tó wà láàárín ìlú méjèèjì, àti igi tí wọ́n máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè sinmi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tọ́ka sí fóònù náà.

“Ẹni tó rán ẹ níṣẹ́ yìí, ṣé òun náà á gbọ́ ọ?”

“Á kà á ni, Màámi. Màá kọ ọ́ sínú ìwé.”

“Kíkà kẹ̀? Jẹ́ kó gbọ́ ọ jàre. Kó má lọ rò pé ìwọ lo parọ́ ẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní kọ̀ǹpútà. Ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n tí mo fọwọ́ kọ ni mo gbé lọ bá ọkùnrin kan tó ń tẹ̀wé ní Ìkòtún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì agbègbè wa ń lọ. Ó tẹ̀ ẹ́, mo rí àṣìṣe, mo dá a padà. Ó tún un tẹ̀, mo tún dá a padà. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ mi fi pẹ́. Olùkọ́ wa kì í gbàwé lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: aṣojú kíláàsì ló ń kó o jọ, tó ń tò ó bó ṣe ń dé. Tèmi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ògiri, mo wá nọ́ńbà mi, mo sì fi ìka tọ ìlà náà. Òdo. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé mo jí iṣẹ́ wò. Mo tún fi ìka tọ ìlà náà, bóyá ojú mi ló fò lọ sórí nọ́ńbà ẹlòmíràn. Kò fò. 

Mo bá olùkọ́ wa ní ọ́fíìsì rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà. Máàkì mi ni mo wá bèèrè.”

“Ìwọ lo da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ.”

“Iṣẹ́ ta ni, sà?”

Ó fa ìwé méjì yọ, ó jù wọ́n síwájú mi. “Èyí ló kọ́kọ́ dé. Tìẹ ló dé gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.”

Orúkọ ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa ló wà lẹ́yìn ìwé kejì. Ìtàn Ìdímù ló pè é. Mo ṣí i. Ìyá àgbà mi ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú odò rẹ̀ àti igi rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di ará Ìdímù. Mo ń kà á lọ títí mo fi dé ojú ewé kẹsàn-án. Mo gbé e fún olùkọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ka ìlà yìí.”

Ó kà á síta: “‘À ń gbéra láti Ìdímù ní kùtùkùtù. Kí a tó dé Ìdímù, oòrùn á ti yọ.’”



“Ẹ wo ojú ewé kejìlá, sà.”

“‘Odò ló pín Ìdímù àti Ìdímù níyà.’” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. “Kí nìyí?”

Mo ṣàlàyé fún un. Iṣẹ́ mi ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ọkùnrin Ìkòtún. Ó ní kí ẹ̀rọ náà yí gbogbo Ìgándò padà sí Ìdímù, ẹ̀rọ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé Ìdímù ti wà nínú ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò kà á kó tó fi orúkọ rẹ̀ sí i.

“Èló lẹ fún un, sà?”

“Àádọ́rin.”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí ju ìgbà tí mo rí òdo lára ògiri lọ. Olùkọ́ yìí fún ènìyàn tó ń rìn láti Ìdímù sí Ìdímù ní àádọ́rin. Ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ló fi wé ara wọn. Òun náà kò kà á.

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹ pín in. Ìdajì fún ẹ, ìdajì fún un. Kó tán síbẹ̀.”

“Ìdajì àádọ́rin, sà, márùndínlógójì ni. Ogójì lẹni tó máa yege gbọ́dọ̀ gbà. Àwa méjèèjì lẹ fẹ́ dá padà yẹn.”

Ó gbé ojú sókè bíi pé òun fẹ́ ṣírò ọ̀rọ̀ náà lórí àjà. Mo kàn yọ fóònù mi. Ohùn ìyá àgbà náà jáde: “Jẹ́ kó gbọ́ ọ jàre. Kó má lọ rò pé ìwọ lo parọ́ ẹ̀.”

Olùkọ́ fà sẹ́yìn lórí àga. Ó gbọ́ bíi ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ pé ó tó. Ó fa igi lé òdo, ó kọ àádọ́rin, ó buwọ́ lù ú.

“Ẹ ò tíì kà á, sà.”

“Máàkì lo wá gbà. O ti gbà á. Kí ló tún kù?”

Kò pe ọmọkùnrin náà rárá. Kò tọrọ àforíjì. Láti ibẹ̀ ni mo ti gba Ìkòtún lọ. Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé kò jiyàn.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Iṣẹ́ yín ló dáa. Àbí kí n máa fi èyí tí kò dáa ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni?”

Ó ṣí kọ̀ǹpútà kí ó lè pa á rẹ́ lójú mi. Mo rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀: Ìtàn Ìṣẹ̀rí. Mo ní kó pa ìyẹn náà rẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà náà wà níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i.

“Ọ̀gá yín ńkọ́? Ṣé ó gbọ́ ọ?”

“Ó gbọ́ ọ, Màámi.”

“Títí dé ibi igi?”

Mo mú díẹ̀ nínú ìrẹsì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa òkúta inú rẹ̀.