Oògùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń San Bí Ẹni Ń San Ààwẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé wa tí mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn, mo sì rò pé bí mo bá sọ ọ́ síbí, ó lè ran ẹnì kan lọ́wọ́. Bí Yorùbá mi bá wọ́ níbì kan, ẹ má bú mi o. Accra ni wọ́n bí mi sí, inú ilé nìkan la ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ni mo fẹ́ sọ. Rábíátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí Rábì ni gbogbo ọjà ń pè é. Òun ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Darkuman là ń gbé, ọjà Kantamanto la sì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ń ta aṣọ òkìrìkà, síkẹ́ẹ̀tì àti búláòsì àwọn obìnrin. Èmi jókòó ti máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń rán èyí tó ya, mò ń dín èyí tó fẹ̀ jù kù. Bí mo bá gbójú sókè lórí iṣẹ́, òun ni mo máa ń rí. Títí dòní, mo ṣì ń gbójú sókè.

Àǹtí Rábì kì í jẹ gbèsè. Mi ò sọ ti owó o, ti Ọlọ́run ni mò ń sọ. Ẹ̀yin obìnrin Mùsùlùmí mọ bó ṣe ń rí. Tí nǹkan oṣù bá dé nínú Ramadan, tàbí tí àìsàn bá dáni gúnlẹ̀, èèyàn á jẹun, á wá san àwọn ọjọ́ náà padà lẹ́yìn ọdún Ìtúnu. Èmi lè máa sún tèmi síwájú títí Ramadan mìíràn á fi kanlẹ̀kùn. Àǹtí Rábì ńkọ́? Kí oúnjẹ ọdún tó dà nínú wa, òun á ti máa dìde jẹ sààrì. Á ní, "Ọjọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, kó san án. Ta ló mọ ọ̀la?" A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé màláíkà tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ò rí gbèsè kan kọ rí.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, bàtà ò ní gbà á mọ́. Tí mo bá fi ìka tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ á jin sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ kẹ́ńkẹ́ tútù, ẹ̀kọ àwọn ará Ghana. A ní ìdúró ló fà á. Obìnrin wo ló ń dúró lọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní wú? Ìgbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ ni mo fà á lọ sí ilé ìwòsàn kan tó súnmọ́ wa. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì wojú mi. Ó ga gan-an.

Dókítà ibẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, fún un ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Wọ́tà tábúlẹ́ẹ̀tì ni àwa ń pè é. Ó ṣàlàyé pé omi àti iyọ̀ tó pọ̀ jù lára á máa bá ìtọ̀ jáde, ẹsẹ̀ á fà, ẹ̀jẹ̀ ríru náà á sì wálẹ̀. Kó máa lo ẹyọ kan láràárọ̀, kó sì máa padà wá kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Oògùn náà sì ṣiṣẹ́! Kò pẹ́ rárá tí ọrùn ẹsẹ̀ Àǹtí Rábì tún yọ, tó ń gbé e sókè fún mi wò bí ọmọge.

Kantamanto ló wá dà á rú. Ilé ìtọ̀ ò sí nítòsí ìsọ̀ wa. Ọ̀nà jìn, àwọn tó tò síbẹ̀ sì máa ń pọ̀. Lọ́jọ́ lásán, èèyàn lè lọ kó bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ń já béèlì, ìdì aṣọ ńlá tí à ń tú tà, ńkọ́? Kí wọ́n tó gé okùn béèlì, àwọn tó ń ṣa aṣọ tó dára ti yí i ká. Aṣọ tó ń mú èrè wá nínú béèlì kan kò tó nǹkan, ojú ẹsẹ̀ sì ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá ni béèlì ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ béèlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n dìde. Ó ní kí n bá òun dúró. Ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan ni mo mọ̀! Kó tó dé, mo ti ta àwọn síkẹ́ẹ̀tì tó dára jù ní iye tí wọ́n ń ta àkísà ìnulẹ̀. Àǹtí Rábì wò mí, ó wo béèlì, ó ní, "Sẹ̀kí, o ṣeun. Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san." Gbogbo ìsọ̀ tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò fi béèlì sílẹ̀ fún mi mọ́.

Mi ò mọ ohun tó ti ibẹ̀ pinnu lọ́kàn ara rẹ̀. Ohun tí mo ń rí ni pé láàárọ̀ ọjọ́ béèlì, ó máa ń so nǹkan kékeré kan mọ́ etí ìborùn rẹ̀. Mo ṣebí owó ọkọ̀ ni. Ìyá wo ni kì í so owó mọ́ etí aṣọ?

Tí a bá padà sí ilé ìwòsàn, dókítà á béèrè pé ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀. Àǹtí Rábì á fa páálí oògùn jáde, ó ti tán lásìkò tó yẹ kó tán, kò ṣẹ́kù, kò dín. Dókítà á yìn ín, inú èmi náà á dùn. Ó ní kó lọ fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Àǹtí Rábì ní òun á lọ tí ọjà bá fúyẹ́ díẹ̀. Ìgbà wo lọjà ń fúyẹ́?

Nígbà tó yá, iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lẹ́sẹ̀. Sọ́ńdè, tí a kì í lọ sọ́jà, ló wá burú jù. Á máa wọlé, á máa jáde nítorí ìtọ̀, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, tó bá sì dìde, òòyì á kọ́ ọ. Mo ní ká lọ rí dókítà. Ó ní àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń jáde, ká dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi ni, òun ló tọ́ mi. Ta ni mo fẹ́ pàṣẹ fún?

Ó wá di Sọ́ńdè kan tí oòrùn mú gan-an. Láti ọjọ́ tó ṣáájú ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wààkyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tó jẹ lọ́jà, la fura sí. Mo po iyọ̀ àti ṣúgà sómi fún un, ó mu díẹ̀. Mo jáde lọ ra ọsàn. Nígbà tí mo padà, ó ti jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di àyà mú. Ó ní àyà òun ń lù, ó ń dúró, ó tún ń lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ará àdúgbò wa kan tó ń wa takisí ló bá mi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá béèrè ní Twi pé oògùn wo ló lò lónìí, mélòó ló sì lò. Àǹtí Rábì dáhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ṣe ohun tó burú. Ó ní òun lo ti òní, òun sì lo ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Kò yé nọ́ọ̀sì náà. Mo yí i sí Yorùbá, mo ní, "Àǹtí, èwo ni ti ẹ̀yìn?"

Ó ní, "Ti àwọn ọjọ́ béèlì tí mi ò lè lò ó. Mò ń tọ́jú wọn, mo sì ń san wọ́n padà ní Sọ́ńdè. Ṣebí bí èèyàn ṣe ń san ààwẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo tún ní láti yí i sí Twi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ bo ẹnu. "Màámé, àdẹ́ń?" ló ń sọ. Màámé, kí ló dé? Kò bínú sí i. Àánú ló ṣe é.

Dókítà ibẹ̀, obìnrin ni, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní oògùn yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń san padà. Ọjọ́ tó bá kọjá ti bá tirẹ̀ lọ. Tí èèyàn bá kó wọn pọ̀ lò, á fa omi àti iyọ̀ ara jáde kọjá bó ṣe yẹ, títí kan pòtásíọ̀mù tó ń jẹ́ kí ọkàn lù déédéé. Ìgbẹ́ gbuuru sì tún ti ń gbé tirẹ̀ lọ. Kíndìnrín rẹ̀ náà ti ń ṣàárẹ̀. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù. Ó ní ká ní Àǹtí Rábì ti sọ pé ọjà ni kì í jẹ́ kí òun lo oògùn náà láàárọ̀, wọn ì bá wá àsìkò mìíràn fún un, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Sẹ̀kí, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo fẹ́ lọ kó síwájú ọmọkùnrin yẹn?" Lẹ́yìn náà ló ní ààwẹ̀ tó kọjá, àwọn ọjọ́ tí orí fọ́ òun, ó ku díẹ̀ níbẹ̀ tí òun ò tíì san. Òun bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òòyì ni kò jẹ́ kí òun parí ẹ̀. Mo ní kó má dààmú, á san án tó bá délé.

Kò délé mọ́. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Àwọn ará ọjà wá sílé. Àwọn tó ń sọ Twi ń kí mi pé "due, due", ìyẹn ẹ kú ìrójú, àwọn tiwa ń ṣàdúrà, mo kàn ń mi orí. Mi ò sunkún. Ìgbà tí obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ kó aṣọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ni mo rí kókó létí ìborùn. Mo tú u. Oògùn ló wà níbẹ̀, díẹ̀ nínú ti ẹ̀yìn tí kò tíì rí san, òógùn ti mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ké bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ má pè é ní aláìgbọràn o. Ó fẹ́ lo gbogbo rẹ̀ pé ni.

Nítorí náà, bí ìyá yín tàbí ẹ̀yin fúnra yín bá ń lo oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, tí ọjọ́ kan bá bọ́, ẹ má lo méjì pọ̀ láti fi dí i. Ẹ bi ẹni tó fún yín. Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ò ní dúró dè yín. Tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá dé, tí ẹ bá fẹ́ gba ààwẹ̀, tí iṣan bá ń fà, tí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí tí àyà bá ń já, ẹ sọ fún wọn kíá, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ lọ fa ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fà, kódà tí béèlì bá dé. Ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún wọn, kí ojú má tì yín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má kàn béèrè pé ṣé oògùn ti tán. Ẹ béèrè bó ṣe tán.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílé yín? Kí ni àwọn àgbà yín ń fi oògùn ṣe tí dókítà ò mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, mo máa kà á.

Tí mi ò bá tètè dáhùn, ẹ ní sùúrù. Ẹnu mi gbẹ, mò ń dúró de ìpè ìrun ìrọ̀lẹ́ kí n tó mu omi. Àwọn ọjọ́ ààwẹ̀ Àǹtí Rábì tó kù ni mò ń bá a san. Ìyẹn nìkan ni gbèsè tó jẹ.